Kì í ṣe agbára ẹ́ńjìnnì ló gbé bàálù sókè ní 1903

Ìtàn tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ kò gùn. Ó ti pẹ́ tí ọmọ aráyé ti fẹ́ fò bí ẹyẹ, àmọ́ kò sí ẹ́ńjìnnì tó lágbára tó láti gbé wọn. Ìgbà tí Wilbur àti Orville Wright ṣe ẹ́ńjìnnì alágbára tán ni bàálù tó gbéra. Mo gba ìtàn yìí gbọ́ fún ọdún púpọ̀, mo sì ti sọ ọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì ń dùn mí, torí iṣẹ́ gidi tí àwọn méjèèjì ṣe ni ìtàn náà bò mọ́lẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ́ńjìnnì ọ̀hún. Kẹ̀kẹ́ ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò náà ń ṣe tí wọ́n ń tà ní Dayton, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì mọ́tò, wọn ò rí èyí tó fúyẹ́ tó rà. Ni Charlie Taylor, mẹkáníìkì ṣọ́ọ̀bù wọn, bá dojú kọ ọ́, ó sì ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Sílíńdà mẹ́rin ló ní. Kò ní púlọ́ọ̀gì, kò ní pọ́ǹpù epo; láti inú táǹkì kékeré kan lókè ni pẹtiróòlù ti ń ṣàn wá fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án, á fò dé agbára ẹṣin (horsepower) 16, kó tó gbóná tán ó ti já wálẹ̀ sí 12. Kò jìnnà sí ti ọ̀kadà tó ń gbé wa kiri lónìí.

Lọ́dún 1903 yẹn kan náà, ẹnì kan ní ohun tó ju èyí lọ fíìfíì. Samuel Langley ni ọ̀gá àgbà Smithsonian, ilé iṣẹ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní Washington, ìjọba Amẹ́ríkà sì fún un ní 50,000 dọ́là. Charles Manly, tó ń bá a ṣiṣẹ́, tún ẹ́ńjìnnì tí ẹlòmíì bẹ̀rẹ̀ ṣe títí ó fi ń yọ agbára ẹṣin 52. Ó ju ìlọ́po mẹ́rin ti Dayton lọ! Ní ọjọ́ 7 oṣù October, 1903, wọ́n ta bàálù náà láti orí ọkọ̀ ojú omi lórí odò Potomac, pẹ̀lú Manly nínú rẹ̀. Inú omi ló bọ́ sí. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún ta á ní ọjọ́ 8 oṣù December, ó tún rì, díẹ̀ ló kù kí Manly bá a lọ.

Langley ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ta á ló kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ká tiẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Bí bàálù náà bá gbéra, kí ni Manly fẹ́ fi dá a dúró bí atẹ́gùn bá tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́? Kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀ tí a fi lè gbé apá kan sókè kí a sì rẹ èkejì sílẹ̀. Manly fúnra rẹ̀ kò sì fò rí láyé rẹ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú ni Hiram Maxim ti rí irú rẹ̀ ní Kent, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Maxim yìí náà ló ṣe ìbọn arọ̀jò-ọta tí àwọn òyìnbó kó wá bá Ìjẹ̀bú jà ní 1892. Ẹ́ńjìnnì méjì tó ń fi ooru omi gbígbóná ṣiṣẹ́ ló fi sínú bàálù rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní agbára ẹṣin 180. Ẹ̀rọ náà sáré lórí irin bíi ti rélùwéè, ó gbéra lóòótọ́, ó fa ohun tó dè é mọ́lẹ̀ ya, Maxim sì yára pa á. Ẹṣin 360, kò sí ìjánu.

Ìjánu yìí ni Wilbur àti Orville wá kiri. Wọ́n ti gbọ́ nípa Otto Lilienthal ará Jámánì, tó fi apá tó ṣe fò nǹkan bí ìgbà 2,000 láìsí ẹ́ńjìnnì, tó ń gbé ara rẹ̀ síbí sọ́hùn-ún láti darí rẹ̀, títí ó fi já bọ́ ní 1896 tó sì kú. Wilbur ń wo ẹyẹ, ó rí i pé ẹyẹ máa ń lọ́ ṣóńṣó apá rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ní 1899, ó mú páálí gígùn kan tí rọ́bà kẹ̀kẹ́ wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó lọ́ ọ láti ìkangun méjèèjì, ó sì rí bí apá bàálù ṣe lè lọ́ bíi ti ẹyẹ. Nígbà tí ìṣirò àwọn aṣáájú kò bá ohun tí wọ́n ń rí mu, wọ́n fi pákó kan àpótí gígùn, wọ́n fi fáànù fẹ́ atẹ́gùn gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n sì dán oríṣi apá kéékèèké bíi 200 wò. Ní 1902, bàálù wọn tí kò ní ẹ́ńjìnnì fò ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà lórí iyanrìn Kitty Hawk, ó ń yà sọ́tùn-ún, ó ń yà sósì. Taylor kò tíì kan irin kankan mọ́ra nígbà náà.

Propeller pàápàá, abẹ̀bẹ̀ tó ń yí tó ń ti bàálù lọ síwájú, àwọn mìíràn rò pé bíi ti ọkọ̀ ojú omi ni. Àwọn méjèèjì yìí ní rárá o, apá bàálù tó ń yí ni. Wọ́n fi oṣù púpọ̀ ṣírò rẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ. Àyẹ̀wò òde òní fi hàn pé ó ń sọ ohun tó lé ní 75 nínú 100 agbára ẹ́ńjìnnì náà di agbára tó ń ti bàálù síwájú. Ìdí nìyẹn tí ẹṣin 12 fi tó. Ní ọjọ́ 17 oṣù December, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré lẹ́yìn tí Manly bọ́ sódò, Orville fò fún ìṣẹ́jú àáyá 12. Nígbà tó máa di ẹ̀ẹ̀kẹrin, Wilbur lo 59, ó sì rin ẹsẹ̀ bàtà 852.

N kò sọ pé ẹ́ńjìnnì kò já mọ́ nǹkan. Láti lọ jìnnà, láti gbé ẹrù, láti sáré, òun ni. Àmọ́ ẹ wo Faransé ní 1908. Ẹ́ńjìnnì Antoinette wọn ń yọ agbára ẹṣin 50. Òun ni Henri Farman fi yí po kìlómítà kan lóṣù January, àmọ́ ńṣe ni bàálù ń rá lọ bí mọ́tò lórí ẹrẹ̀, apá rẹ̀ kò tẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù August, Wilbur gbé tirẹ̀ jáde nítòsí Le Mans, agbára ẹṣin bíi 30. Ó rẹ apá kan sílẹ̀, ó yí po lẹ́ẹ̀mejì, ó sì bà sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìṣẹ́jú méjì kò pé. Louis Blériot, tí Antoinette 50 wà nínú bàálù tirẹ̀, wà láàárín àwọn tó dúró tí wọ́n ń wò ó.