Tútù Là Ń Ká Ẹja

Àwọn àgbà ní, "Tútù là ń ká ẹja, bó bá gbẹ tán, kíkán ló ń kán." Ọ̀pọ̀ àwa tí à ń pa òwe yìí ni kò ká ẹja rí. Ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ la máa ń fi í sọ, a ò sì ṣì í pa. Ṣùgbọ́n ní agboolé wa l'Ẹ̀pẹ́, iṣẹ́ ni kó tó di òwe. Ìyá tó bí ìyá mi ló fi kọ́ mi, àwọn tí Ọlọ́run pè lọ́dún tó kọjá, kété lẹ́yìn ìrun Àsùbáà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ká a. Ẹja àrọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú omi jáde ṣì ń gbọ́ràn síni lọ́wọ́. Ìyá Àgbà á fi iyọ̀ fọ̀ ọ́ títí tí kò fi ní yọ̀ mọ́, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ roboto, wọ́n á ki ìrù rẹ̀ bọ ẹnu, wọ́n á wá fi igi tín-ín-rín gún un kó má baà tú. Lẹ́yìn náà ló ń gorí àwọ̀n irin. Iná rẹ̀ kì í ṣe iná ńlá. Iná ńlá á jó awọ, inú á sì wà ní tútù, kò ní pẹ́ tí ìdin á fi dé. Iná wẹ́rẹ́ ni, tòun ti èéfín, títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹni tó ń yan án á sì máa dìde lóru láti yí i padà. Bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ na ẹja yẹn tọ́ lówùúrọ̀, orí á bọ́ sí ọwọ́ kan, ìrù á bọ́ sí ọwọ́ kejì.

Iṣẹ́ yìí ni wọ́n fi tọ́ àwọn ọmọ wọn, tí wọ́n tún fi tọ́ àwa ọmọ ọmọ. A ò mọ ọdún tí wọ́n bí wọn. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé ìyá mi wà lẹ́yìn àwọn lọ́dún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, ìyẹn 1967, nígbà tí àwọn ń gbé ẹja lọ sọ́jà. Ọjà ẹja Olúwo ni wọ́n ti ń ra ọjà lọ́wọ́ àwọn apẹja ní ìdájí, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ń tẹ̀ lé wọn káàkiri bí òjìji.

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ́jọ́ tí oníbàárà kan láti Ìjẹ̀bú-Òde san owó lé. Obìnrin náà ti lọ kí Ìyá Àgbà tó ka owó ọ̀hún tán. Wọ́n pa á mọ́ mi lọ́wọ́: "Àkànní, kì í ṣe tiwa. Sáré." Mo sáré nínú oòrùn dé ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀, mo ń sunkún bí mo ṣe ń sáré. Nígbà tí mo padà dé, wọn ò yìn mí, wọn ò wàásù. Wọ́n bu omi fún mi, wọ́n ní kí n jókòó ká máa ká ẹja. Títí di òní, owó tí kì í bá ṣe tèmi máa ń gbóná mọ́ mi lọ́wọ́.

Apá yẹn nínú òwe náà, gbogbo òbí ló mọ̀ ọ́n. Apá kejì ló mú mi kọ̀wé: ìfẹ́ tí ọmọ ní sí ìyá rẹ̀, tútù là ń ká òun náà.

Ìlú wa kì í fi ọ̀rọ̀ ìrántí ṣeré. Ní 1851 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó, tó kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá sí Ẹ̀pẹ́, kò sì padà sí Èkó títí di 1862. Di bí mo ṣe ń sọ yìí, lẹ́yìn Iléyá, àwọn ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́ ṣì ń ṣe ọdún Káyókáyó láti fi rántí wíwá wọn. Ọdọọdún ni Ìyá Àgbà ń pè mí sórí fóònù: "Àkànní, ṣé wàá wá bá wa ṣe Káyókáyó?" Ọdọọdún ni mo ń dáhùn láti Èkó pé, "Ìyá Àgbà, ó di àmọ́dún." Ìlú mi ń rántí ọba tó ti lọ tipẹ́, èmi ń gbàgbé ìyá tó ṣì ń fi ẹnu ara rẹ̀ pè mí.

Ti ojú wọn ló dùn mí jù. Ẹyin ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Gbogbo wa la ní àgbà ló dé. Irọ́ la pa. Funfun tó ń bo ẹyin ojú àgbàlagbà wà lára ohun tó ń fọ́ èèyàn lójú jù lọ láyé, èéfín igi sì lè dá kún un. Iṣẹ́ abẹ tí kì í sábà gbà tó wákàtí kan lè mú un kúrò. Ọdún mẹ́rin gbáko la fi ń sọ pé a máa gbé wọn lọ. Lọ́jọ́ tí dókítà tú aṣọ ojú wọn, wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Àkànní, orí rẹ ti ń hu ewú." Mo rẹ́rìn-ín níwájú wọn. Ilé ni mo dé kí n tó sunkún. Ojú tí mo ní lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn ni wọ́n ti ń bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi ríran kedere kí wọ́n tó lọ.

Ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì wà, bí wọ́n bá ní kùrukùru ń bo àwọn lójú, ẹ má sọ pé àgbà ló dé. Ẹ gbé wọn lọ lọ́sẹ̀ yìí. Bí fọ́tò àtijọ́ bá wà nínú àpótí wọn, ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ sẹ́yìn fọ́tò. Bó bá jẹ́ pé ìkọ́kọrẹ́ wọn lẹ fẹ́ràn, ẹ lọ dúró ti ìkòkò náà nígbà tí wọ́n bá ń sè é, torí ọwọ́ ni wọ́n fi ń wọn iyọ̀ rẹ̀, ọwọ́ yẹn kò sì ní í sí lọ́jà.

Òwe mìíràn tún wà tó bá mi níbi fídáù ọjọ́ kẹjọ: "Ọjọ́ a kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè." Ẹnikẹ́ni tó bá gba ọ̀rọ̀ sọ lọ́jọ́ náà, onísùúrù ni Ìyá Àgbà lẹ́nu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe onísùúrù. Apẹja tó bá fẹ́ ta ẹja tó ti sùn mọ́jú fún wọn, gbogbo etí omi ló máa gbọ́ ọ. Níkẹyìn, àbúrò wọn dìde, ó ní, "Ẹni tí ẹ ń ròyìn yẹn, èmi ò mọ̀ wọ́n o. Ẹ̀gbọ́n mi tí mo mọ̀, bí wọ́n bá bínú tán nìkan ni wọ́n máa ń fúnni lóúnjẹ." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú, ó sì dà bíi pé wọ́n tún wọlé wá bá wa. Ère kì í run èéfín. Ìyá Àgbà ń run èéfín, kódà lọ́jọ́ Iléyá, nínú léèsì, pẹ̀lú tùràrí lára. Bí mo ṣe fẹ́ rántí wọn nìyẹn.

Ìyá mi ló wà nídìí iná báyìí. Mo ń lọ l'ópin ọ̀sẹ̀ bí mo bá ti ráyè, mo sì ń wá àyè ọ̀hún. Ní Sátidé tó kọjá, mo ká àrọ̀ mẹ́fà. Màmá mi mú ìkẹta, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n yọ igi rẹ̀, wọ́n sì gbé e padà fún mi.

"Tún un ká. Ó ṣì tutù."