Ojú Tablet Ò Gbọ́ Ọwọ́ Mọ́? Ẹ Má Tíì Sanwó Síkírìnì

Bí ojú tablet bá kọ̀ tí kò gbọ́ ọwọ́ mọ́, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, “Síkírìnì ti bàjẹ́, ẹ pààrọ̀ ẹ̀.” Ó sì lè jẹ́ pé lẹ́nu ẹni tó ń ta síkírìnì lẹ ti gbọ́ ọ. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà míì, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìgbà ni síkírìnì ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ojú tablet kì í ṣe bọ́tìnnì. Iná tín-ín-rín kan ló wà lábẹ́ gíláàsì yẹn. Bí ìka bá kàn án, ìka á fà nínú iná náà, ibẹ̀ ni tablet ti ń mọ ibi tí a fọwọ́ kàn. Ìdí nìyẹn tí èékánná kì í fi í ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Kí ẹ wá máa fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń tẹ̀ka níbi ìdìbò, asán ni.

Ohun tó bá ti da iná yẹn láàmú, á sọ ọ́ di adití. Ṣájà gbàrọgùdù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, àgàgà lórí jẹnẹrétọ̀ tí iná ẹ̀ ń lọ sókè sódò. Lẹ́tà á máa tẹ ara ẹ̀, áàpù á máa ṣí fúnra ẹ̀. Àwọn kan á ní fáírọ́ọ̀sì ni. Mo ti rí ẹni tó ní ọwọ́ ayé ni. Ẹ yọ ṣájà. Bó bá fara balẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ṣájà lẹ máa rà.

Omi àti epo àkàrà náà ń dá a dúró: ẹ pa á, kẹ́ ẹ fi aṣọ múlọ́múlọ́ nù ún. Ẹ bó gíláàsì ààbò tí afẹ́fẹ́ ti wọ abẹ́ ẹ̀.

Tablet fúnra ẹ̀ sì lè há. Lórí Galaxy Tab, ẹ di bọ́tìnnì ìtanná àti ti ìdínkù ohùn mú pọ̀ títí á fi kú kó sì tan padà. Ó lè ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni máòsì. Ẹ ra okùn OTG, ìyẹn okùn kékeré tó ń so nǹkan USB mọ́ tablet, kẹ́ ẹ fi so máòsì kọ̀ǹpútà mọ́ ihò ṣájà. Lórí ọ̀pọ̀ Android, ọfà kékeré á yọ lójú ẹ̀. Bí ọfà bá ń rìn, tó ń ṣí nǹkan, tí ọwọ́ ò sì ṣiṣẹ́, ọpọlọ tablet yè nìyẹn. Ojú ìfọwọ́kàn tàbí wáyà pẹlẹbẹ tó so ó mọ́ inú ni ká bá wí. Ẹ fi máòsì yẹn kó fọ́tò yín pa mọ́ kẹ́ ẹ tó gbé e fún ẹnikẹ́ni, kẹ́ ẹ sì ní kó kọ́kọ́ wo wáyà náà, pàápàá bí tablet bá ti já bọ́ rí: wáyà lè kàn yọ ni. Bí ọfà náà bá dúró gbagidi sójú kan, síkírìnì tuntun ò ní yanjú ẹ̀.

Ẹyọ kan ni kẹ́ ẹ má bá ṣeré: bí gíláàsì tablet bá ń ṣí kúrò létí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bátìrì ló ń wú. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ padà, ẹ má fi ṣájà sí i mọ́. Ẹ pa á, kẹ́ ẹ gbé e lọ bá atúnṣe.