Ohun Tí Ọ̀rọ̀ Gíríìkì Inú Róòmù 8:26 Kò Sọ

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ lórí pẹpẹ. Wọ́n á ní synantilambanetai, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Pọ́ọ̀lù lò ní Róòmù 8:26 níbi tó ti sọ pé Ẹ̀mí ń ran àìlera wa lọ́wọ́, ṣeé tú sí mẹ́ta: syn ni "pẹ̀lú," anti ni "lòdì sí," lambanō ni "dì mú." Wọ́n á wá pa á pọ̀ pé Ẹ̀mí Mímọ́ ń bá ọ di ìṣòro mú láti gbógun tì í, nítorí náà bí ìwọ kò bá di apá tìrẹ mú, kò sóhun tí yóò ṣe. Mo ti rí ìyá àgbàlagbà kan lórí ibùsùn àìsàn tó ń sunkún pé bóyá òun ni kò di tòun mú dáadáa. Ó dùn mí dé egungun.

Gírámà náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí Lúùkù 10:40. Iṣẹ́ ilé ti wọ Màtá lọ́rùn, Màríà sì jókòó lẹ́sẹ̀ Jésù. Màtá ní, "Sọ fún un kó ràn mí lọ́wọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ni, ibi méjì yìí nìkan ló wà nínú Májẹ̀mú Tuntun. "Mi" tí Màtá pè, moi ní Gíríìkì, wà ní ipò tí "àìlera wa" wà nínú Róòmù: ẹni tàbí ohun tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́. Bí anti bá jẹ́ "lòdì sí" níbẹ̀, a jẹ́ pé Màtá ń bẹ Jésù kó rán Màríà wá bá òun jà!

Bí ẹ bá tilẹ̀ yọ syn kúrò, antilambanomai ti jẹ́ ìrànlọ́wọ́. Òun ni Pọ́ọ̀lù fi rọ àwọn alàgbà Éfésù ní Ìṣe 20:35 pé kí wọ́n máa ran àwọn aláìlera lọ́wọ́. Ta ni í gbógun ti aláìlera?

Èdè tiwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. "Bá" àti "wí" ló wà nínú "wọ́n bá mi wí," ṣùgbọ́n ta ni wọ́n bá wí rí tó rò pé wọ́n kàn bá òun sọ̀rọ̀ ni?

Òótọ́ ni pé syn lè mú ìtumọ̀ àjùmọ̀ṣe wá. Nínú Ẹ́kísódù 18:22, nínú Májẹ̀mú Láéláé tí wọ́n tú sí èdè Gíríìkì, ọ̀rọ̀ yìí ni Jẹ́tírò fi sọ fún Mósè pé àwọn onídàájọ́ yóò bá a gbé ẹrù. Ṣùgbọ́n "bí o kò bá di tìrẹ mú" kò sí nínú rẹ̀ rárá. Ẹ wo ohun tí Pọ́ọ̀lù fi tẹ̀ lé e: a kò mọ ohun tó yẹ ká gbàdúrà fún, Ẹ̀mí fúnra rẹ̀ ló ń fi ìkérora tí ẹnu kò lè sọ bẹ̀bẹ̀ fún wa. Ìyá orí ibùsùn yẹn, tí kò rí ọ̀rọ̀ kankan gbàdúrà mọ́, gan-an ni ẹsẹ náà ń bá sọ̀rọ̀.