Orin Mozart kọ́ ló ń mú ọmọ ní làákàyè

Ẹ̀yin aboyún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù yẹn kúrò lórí ikùn. Mo mọ ohun tí wọ́n sọ fún yín: pé bí ọmọ inú bá ń gbọ́ orin Mozart, olórin ilẹ̀ Yúróòpù ayé àtijọ́ nì, orí rẹ̀ á pé, ìwé á sì máa yé e.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀ rèé. Ní 1993, àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì California ní Irvine fi orin Mozart sétí akẹ́kọ̀ọ́ 36 fún ìṣẹ́jú 10, wọ́n wá ní kí wọ́n fojú inú wo bébà tí wọ́n ká tí wọ́n sì gé, kí wọ́n sọ bí yóò ti rí bí wọ́n bá tú u. Wọ́n ṣe dáadáa díẹ̀ sí i. Kò tó ìṣẹ́jú 15 tí gbogbo rẹ̀ fi pòórá. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni wọ́n o! Ọmọ ọwọ́ kankan ò sí níbẹ̀, áńbọ̀sìbọ́sí ọmọ inú. Síbẹ̀, nígbà tó di 1998, Zell Miller, gómìnà ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, ń bèèrè 105,000 dọ́là láti fi fún gbogbo ọmọ tuntun ní àwo orin.

Ohùn ìyá ni ọmọ ń wá. Ní 1980, àwọn olùwádìí méjì, DeCasper àti Fifer, rí i pé ọmọ tí kò tíì pé ọjọ́ 3 láyé ń yí bó ṣe ń fa ọmú rọ́bà padà, kó ṣáà lè gbọ́ ohùn ìyá tirẹ̀ dípò ti obìnrin mìíràn.

Orin tí a jọ ń kọ tún ń tu ìyá alára lára. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyá 134 tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mú lẹ́yìn ìbímọ wọ inú ìwádìí kan tí èsì rẹ̀ jáde ní 2018. Àwọn kan ń bá ọmọ wọn kọrin pọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 10, àwọn kan ń ṣeré láìkọrin, àwọn yòókù ń gba ìtọ́jú tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Nínú àwọn tí tiwọn le jù, àwọn tó ń kọrin ni ara wọn tètè yá.

Ẹ rántí ọjọ́ ìpàdé aboyún ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Kí nọ́ọ̀sì tó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹnì kankan, orin ti sọ: orin ọmú ìyá, orin abẹ́rẹ́ àjẹsára, àtẹ́wọ́, ijó. Àwọn kan rò pé wọ́n kàn ń fi dí àkókò ni, wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ dé. Èmi ti rí obìnrin tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ tó ń gberin níbẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì ń là díẹ̀díẹ̀. Ẹ tètè lọ. Bí ẹ bá délé, ẹ kọ ọ́ fún ọmọ inú yín. Bí ohùn bá há, ẹ ki í ní oríkì.