Sàlẹ́ńsà 504 tó ń jò díẹ̀: ṣé ká wà á lọ Ọ̀yọ́ àbí ká tún un ṣe ná?

Ọmọ Mọ́lété
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Peugeot 504 tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mo ń wà. Kàdúná ni wọ́n ti tò ó ní 1983, ara rẹ̀ sì dáa títí dòní. Sàlẹ́ńsà rẹ̀ ló ń jò díẹ̀ báyìí. Tí mo bá tan án láàárọ̀, á máa dún ta-ta-ta lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tí ẹ́ńjìnì bá gbóná tán, ìró náà á lọ sílẹ̀, nígbà mìíràn mi ò ní gbọ́ ọ mọ́ rárá. Sátidé tó ń bọ̀ la fẹ́ lọ sí ìgbéyàwó ní Ọ̀yọ́: èmi, ìyàwó mi tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹfà, àtàwọn ọmọ wa méjèèjì. Mẹkáníìkì wa ní kí n máa wà á lọ, pé nǹkan kékeré ni. Ìyàwó mi ní òun ò wọ̀ ọ́. Kí lẹ rí sí i?

Àgbà Awakọ̀
Máa wà á lọ, ọmọ mi. Mo fi 504 ná Ìbàdàn sí Kánò láyé ìgbà tí ọ̀nà ṣì dáa, kò sì sí ọ̀kan nínú ọkọ̀ wa tí sàlẹ́ńsà rẹ̀ ò jò rí. Kábúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ ló ń lò. Kò ní kọ̀ǹpútà, kò ní sensor tí jíjò yẹn máa dà láàmú bíi ti ọkọ̀ ayé ìsinsìnyí. Ṣí gíláàsì sílẹ̀ kí atẹ́gùn máa wọlé. Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ náà dà?

Nọ́ọ̀sì Bódìjà
Ẹ kú àgbà, bàbá. Ohun tẹ́ ẹ sọ nípa ẹ́ńjìnì, mi ò bá yín jà sí i. Ti àwọn tó jókòó sínú ọkọ̀ ni mo fẹ́ sọ. Carbon monoxide wà nínú èéfín yẹn. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, kì í ta èèyàn lójú. Òun náà ni ti jẹnẹrétọ̀ tó ń pa odidi ìdílé mọ́jú. Tó bá dénú ẹ̀jẹ̀, ibi tó yẹ kí oxygen dúró sí ló máa gbà, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ ju oxygen lọ ní ìlọ́po 200 ó lé. Téèyàn bá tiẹ̀ ti bọ́ síta gba afẹ́fẹ́, á tó wákàtí 4 sí 6 kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára. Tọmọ inú oyún tún máa ń pẹ́ jùyẹn lọ. Orí fífọ́, òòyì, èébì ló máa ń kọ́kọ́ fi hàn, a ó sì máa sọ pé oòrùn ló pa wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tìyàwó yín.

Àgbà Awakọ̀
Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Àmọ́ inú yàrá tí wọ́n tì pa ni jẹnẹrétọ̀ ti ń pààyàn. Ṣé ọkọ̀ tó ń sáré, tí gíláàsì rẹ̀ ṣí, jọ yàrá tí wọ́n tì pa?

Ọmọ Bẹẹrẹ
Mo wà lẹ́yìn bàbá. Ṣebí a ń fa èéfín takisí Micra símú ní Ìwó Road àti Bẹẹrẹ láàárọ̀ lálẹ́, a ò tíì kú. Ẹ̀rù ti pọ̀ jù.

Ìjàpá Òkè-Àdó
Ọmọ Bẹẹrẹ, kí èéfín Micra tó dé imú rẹ, afẹ́fẹ́ gbogbo ìta ti bù lù ú. Èyí tó bá wọnú ọkọ̀ rẹ, ọ̀dọ̀ rẹ ló ń gbé.

Volkswagen ìjàpá ni èmi ń wà, ìdí nìyí tí mo fi mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà, omi kọ́ ló ń tù ú, afẹ́fẹ́ ni. Àwọn tó ṣe é fi páànù bo páìpù èéfín, kí fáànù máa fẹ́ afẹ́fẹ́ gba ara páìpù gbígbóná yẹn wọnú ọkọ̀ fún ẹni tí òtútù ń mú. Bí páìpù bá lu nínú páànù yẹn, ọ̀dọ̀ èrò ni èéfín ń lọ tààrà. Ta ló ń lo híítà n'Ìbàdàn? Kò sẹ́ni tó ń wò ó, ìlẹ̀kùn kékeré tó yẹ kó dí i á dípẹtà, á ṣí sílẹ̀ láìsẹ́ni tó mọ̀.

Ibi tó ti ń jò ló yẹ ká kọ́kọ́ bèèrè. Ká ní ìdí sàlẹ́ńsà lẹ́yìn pátápátá ni, ǹ bá ní kó rọra wà á dé ọ̀dọ̀ wẹ́dà. Àmọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ló ní ó ń dún! Ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọnú ọkọ̀ wà níwájú gíláàsì ńlá, lẹ́yìn bọ́nẹ́ẹ̀tì gan-an. Ibẹ̀ ni èéfín máa gbà wọlé. Èéfín ọkọ̀ kábúrétọ̀ sì le: ìdánwò ọdọọdún ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì fàyè gba kí carbon monoxide tó 4.5% nínú èéfín ọkọ̀ ọjọ́ orí 504 yìí. Bẹ́ẹ̀ tó bá tó 0.16% péré nínú afẹ́fẹ́ téèyàn ń mí, orí á ti máa fọ́ ọ láàárín ogún ìṣẹ́jú, ó sì lè pa á kí wákàtí méjì tó pé.

Bàbá, ẹ ní ọkọ̀ tó ń sáré. Ní Òjòó ńkọ́, tí gòsìló bá dá wọn dúró, tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ tí táyà ò yí? Ẹ rántí àwọn 504 station wagon tí wọ́n máa ń fi okùn so ilẹ̀kùn ẹ̀yìn torí ẹrù. Bí ọkọ̀ bá ti ń sáré, afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń fa èéfín padà wọlé látibi tó ṣí yẹn. Gíláàsì ṣíṣí nìkan kì í ṣe oògùn.

Àdùnní Mọ́kọ́lá
Ẹ̀gbọ́n Mọ́lété, mẹkáníìkì tó ní kò séwu, ṣé ó máa bá yín jókòó sínú rẹ̀ dé Ọ̀yọ́? Bí owó àtúnṣe ò bá tíì sí, ẹ wọ mọ́tò ní Òjòó. Ẹ ó gba Mọ́níyà àti Fìdítì kọjá, ẹ ó bá wọn jẹun ìyàwó. 504 á dúró dè yín nílé. Inú ń bí mi tí obìnrin bá sọ ohun tí ara rẹ̀ ń sọ fún un, tí wọ́n ní ẹ̀rù ti pọ̀ jù.

Bàbá Wẹ́dà Gate
Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Ọmọ Mọ́lété, ìró tó ń lọ sílẹ̀ tí irin bá gbóná, gásíkẹ́ẹ̀tì manifold ló sábà máa ń jẹ́ (manifold ni irin tó ń gba èéfín lára ẹ́ńjìnì, gásíkẹ́ẹ̀tì ló ń dí àárín wọn), tàbí ojúkò tí páìpù ti so mọ́ ọn. Irin máa ń wú tó bá gbóná, á dí àlàfo yẹn fúngbà díẹ̀. Má wò ó pé ó ti san.

Tan ọkọ̀ láàárọ̀ níta gbangba, nígbà tó ṣì tutù. Kí ẹnì kan fi àkísà tó nípọn dí ẹnu sàlẹ́ńsà lẹ́yìn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ìwọ máa gbọ́ ibi tó ti ń sú fìì níwájú. Fọ́n omi ọṣẹ síbẹ̀ kí irin tó gbóná, á hó. Tó o bá rí àmì dúdú bí ẹ̀dú lára irin, ibẹ̀ ni. Wo wáyà àti rọ́bà epo tó bá sún mọ́ ọn, torí ooru tó ń jáde níbẹ̀ lè jó wọn. Ká kápẹ́ẹ̀tì sókè náà, kó o wo ilẹ̀ ọkọ̀. 504 àtijọ́ máa ń dípẹtà lábẹ́ ẹsẹ̀, a ó fi páànù lẹ̀ ẹ́ kí èéfín má bàa gba ibẹ̀.

Má jẹ́ kí wọ́n bá ọ fi àtè lẹ̀ ẹ́ kí wọ́n ní ó ti parí. Kò lè gbé ooru manifold pẹ́. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni. Èyí tó ti pẹ́ lè ní asbestos nínú, tí eruku rẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, kí ẹni tó fẹ́ ha á fi omi rin ín dáadáa, kó má gbẹ́ ẹ ní gbígbẹ. Tó bá di ti wẹ́dà, kí wọ́n yọ orí bátìrì kí wọ́n tó jó o.

Àgbà Awakọ̀
Ṣé o ti wá rí i pé àtúnṣe rẹ̀ ò le? Èmi ṣì gbà pé wọ́n lè fi lọ kí wọ́n sì fi bọ̀. Àmọ́ ti oyún yẹn, mi ò ní bá nọ́ọ̀sì jiyàn. Kí ìyàwó má wọ̀ ọ́.

Nọ́ọ̀sì Bódìjà
Àwọn ọmọ náà ńkọ́, bàbá? Àwọn ọmọdé máa ń yára mí ju àgbà lọ, èéfín máa ń tètè mú wọn.

Ọmọ Mọ́lété
Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo ti ká kápẹ́ẹ̀tì. Ihò kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀, ìka mi wọ ibẹ̀. Bàbá Wẹ́dà, ṣé tí mo bá gbé e wá ní Fúráìdé, ẹ lè parí ẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú?

Bàbá Wẹ́dà Gate
Rárá o. Ọjọ́rú ni kó o gbé e wá, ìwọ nìkan, gíláàsì ilẹ̀kùn iwájú ní ṣíṣí. Bóòtù manifold tó ti pẹ́ tó báyìí máa ń kán síbẹ̀ tí wọ́n bá fipá tú u. A ó fi epo rin ín mọ́jú kó tó dọ̀la. Tí ọ̀kan bá kán, lílu rẹ̀ jáde lè gba gbogbo Ọjọ́bọ̀.