Pẹ́ńtì kọ́ ló máa dá omi bésímẹ́ǹtì dúró o

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ ra ilé ní Maryland níbí tàbí Chicago lọ́hùn-ún, tí omi bá ti yọ lára ògiri bésímẹ́ǹtì yín (yàrá ìsàlẹ̀ ilé tó wà nínú ilẹ̀) báyìí, kíá, ẹnì kan á ti ní kẹ́ ẹ lọ ra pẹ́ńtì tí omi ò lè gbà kọjá, ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, ó parí. Irọ́ ni jàre. Èmi náà gbà á gbọ́, garawa mẹ́ta ni mo rà, bọ̀dá kan bá mi kùn ún, ó funfun báláú, a tiẹ̀ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì síbẹ̀, àfi bí òjò April ṣe dé tí pẹ́ńtì wú bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà sí, mo fìka tẹ̀ ẹ́, omi ṣàn jáde.

Ìta lomi ti ń wá. Ilẹ̀ tó yí ilé ká ló mumi yó, ló wá ń ti omi yẹn lu ògiri, búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré sì ní ihò wínníwínní. Pẹ́ńtì tẹ́ ẹ kùn sínú, ẹ̀yìn rẹ̀ lomi á ti máa tì í títí tó fi máa bó. Nǹkan funfun bí iyọ̀ tẹ́ ẹ ń rí lára ògiri yẹn náà, iyọ̀ inú símẹ́ńtì tí omi wọ́ jáde ni.

Ẹ gbójú sókè, ẹ wo òrùlé. Tí òrùlé bá fẹ̀ tó 1,000 square feet, òjò inch 1 péré, ó lé ní 600 gálọ́ọ̀nù omi! Gọ́tà ló yẹ kó gbé e lọ (kì í ṣe gọ́tà Mushin o, ti etí òrùlé ni mò ń wí), ṣùgbọ́n tí ewé bá ti dí i, tàbí tí páìpù rẹ̀ ń da omi sídìí ògiri, ẹ̀yin lẹ̀ ń fọwọ́ ara yín pọnmi sínú ilé. Tèmi nìyẹn. Igun tó ń tutù gan-an ni páìpù ń dà sí, ọdún 3 ni mo fi ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá! Mo so páìpù mìíràn mọ́ ọn kó lè da omi nù níbi tó fi feet 6 jìnnà sí ilé, mo kó yẹ̀pẹ̀ sídìí ògiri kí ilẹ̀ lè dà síta. Wọ́n ní ó yẹ kó fi inch 6 lọ sílẹ̀ láàárín feet 10 àkọ́kọ́.

Ìgbà míì ẹ̀wẹ̀, omi ò wọlé rárá, ògiri ló ń làágùn nígbà ooru bí ìgò mínírà tútù. Ẹ fi téèpù lẹ fọ́ìlì tẹ́ ẹ fi ń di mọ́ínmọ́ín mọ́ ògiri, ẹ lẹ gbogbo etí rẹ̀ pa, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 1 tàbí 2. Tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá tutù, omi ń gba ara ògiri wọlé, tó bá jẹ́ iwájú, inú afẹ́fẹ́ ló ti wá, ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin lẹ máa rà.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣe ti ìta tán tómi ṣì ń yọ níbi tí ilẹ̀ àti ògiri ti pàdé, ìyẹn ló ń fẹ́ sump pump, ẹ̀rọ tó ń fa omi abẹ́ ilé jáde síta, owó ńlá nìyẹn, kẹ́ ẹ sì ra èyí tó ní bátìrì, torí ìgbà tí ìjì bá ń jà gan-an niná máa ń lọ. Ẹ má ro ti ìnṣọ́ránsì ilé, wọn kì í sábà sanwó irú omi bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sì wá ní kẹ́ ẹ san ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là fún iṣẹ́ náà láì tíì yí ilé po níta, ẹ fọ̀nà hàn án.

Ògiri tèmi ti gbẹ. Pẹ́ńtì tó bó ṣì wà níbẹ̀, mi ò tíì ráyè ha á.