Ọwọ́ Àgbà Nínú Àwòrán

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ibẹ̀ ni ẹnu ọ̀pọ̀ wa ti ń dákẹ́, bẹ́ẹ̀ òwe náà ṣì ní ìrù: iṣẹ́ èwe bẹ àgbà, kí ó má ṣe kọ̀ mọ́, gbogbo wa la níṣẹ́ tí a ń bẹ ara wa. Ìrù yẹn ni mo fẹ́ dì mú lónìí. Pé àgbà ń bẹ ọmọdé níṣẹ́ kì í ṣe ìròyìn. Lọ bá mi bu omi wá, wá bá mi wo ohun tí wọ́n kọ sínú fóònù yìí. Ṣùgbọ́n ta ló ń bẹ àgbà níṣẹ́?

Àwòrán kan ló jẹ́ kí òwe yìí ká mi mọ́. Henry Ossawa Tanner ló yà á lọ́dún 1893, ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Yunifásítì Hampton ní Virginia, The Banjo Lesson sì ni orúkọ rẹ̀. Bàbá arúgbó aláwọ̀ dúdú kan jókòó nínú ilé aláìní, ọmọkùnrin kékeré kan wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, báńjò, ohun èlò orin olókùn, wà láyà ọmọ. Ẹ wo ọwọ́ wọn. Ọmọ ń fi ọwọ́ ọ̀tún ta okùn, ó ń fi tòsì wá ibi tí yóò tẹ̀ lọ́rùn báńjò. Ọrùn yẹn gùn ju agbára ọmọ lọ, ọwọ́ òsì bàbá ló gbé e ró. Bàbá kò fọwọ́ kan okùn. Kò sọ pé "mú un wá, jẹ́ n fi hàn ọ́" (ẹ̀ṣẹ̀ tèmi gan-an nìyẹn tí mo bá ń kọ́ ọmọ ní nǹkan). Ó tẹrí ba, òun àti ọmọ ń wo ojú kan náà lára igi àti awọ. Ìmọ́lẹ̀ tútù kan ń wọlé láti ìhà kan, ìmọ́lẹ̀ iná ààrò tí a kò rí ń bọ̀ láti ìhà kejì, orí àwọn méjèèjì ni wọ́n ti pàdé.

Ilẹ̀ Adúláwọ̀ lápá ìwọ̀-oòrùn ni báńjò ti ṣẹ̀ wá, ọwọ́ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ló bá dé Amẹ́ríkà. N kò ní sọ pé ti Yorùbá ni. Ẹ̀yà Jola ní Sẹ̀nẹ̀gà àti Gáḿbíà ṣì ń lo ohun èlò orin olókùn kan tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn ti àtijọ́, igbá ni wọ́n fi ṣe ikùn wọn, wọ́n á fi awọ bò ó lójú. Kèrègbè inú òwe náà kúkú ni.

Lásìkò tí Tanner ń yàwòrán, àwọn aláwọ̀ funfun a máa kun ojú ní dúdú, wọn a gbé báńjò gun orí ìtàgé, wọn a máa fi àgbà aláwọ̀ dúdú ṣẹ̀fẹ̀. Àgbà tó ń yọ eyín síta ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ mọ́ báńjò nígbà náà. Pittsburgh ni wọ́n bí Tanner sí lọ́dún 1859, ẹrú ni wọ́n bí ìyá rẹ̀. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín nínú àwòrán rẹ̀ yìí. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn.

Ìdajì kejì òwe náà, ọwọ́ Winslow Homer, ayàwòrán Amẹ́ríkà mìíràn, ni mo ti rí i. Lọ́dún 1877 ló ya Sunday Morning in Virginia, tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Cincinnati ní Amẹ́ríkà báyìí. Àwọn ọmọdé aláwọ̀ dúdú kó ara wọn jọ sórí ìwé kan, ìyá àgbà kan jókòó tì wọ́n. Kò wojú ìwé. Ní Virginia yìí kan náà, òfin ọdún 1831 kò gbà kí àwọn aláwọ̀ dúdú péjọ kọ́ ìwé kíkà. Ọdún 1865 ni oko ẹrú kásẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀, nítorí náà ọdún méjìlá péré ni ìwé tó wà níwájú àwọn ọmọ wọ̀nyí fi jẹ́ ohun tí kò sẹ́wọ̀n nínú. Ìwé yẹn ni kèrègbè tí ọwọ́ ìyá àgbà kò wọ̀. Kò sí ẹni tó ṣe é níkà nínú àwòrán yìí, bẹ́ẹ̀ ó ń dùn mí ju ti Tanner lọ: àwọn ọmọ ń kàwé lọ, kò sì sẹ́ni tó yíjú sí i bi í ní ohunkóhun.

Àwọn ayàwòrán yòókù nílẹ̀ Amẹ́ríkà nígbà náà, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n sábà máa ń gbé àgbà sí. Eastman Johnson kó àwọn bàbá arúgbó erékùṣù Nantucket jókòó yí ààrò onírin ká lọ́dún 1887, nínú ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń rán bàtà. Ọdẹ àbùùbùtán tó sọ erékùṣù náà dolówó ti parí, ọ̀rọ̀ nìkan ló kù. Thomas Hovenden ní tirẹ̀ ya ọmọkùnrin tó ń kúrò nílé lọ wá ayé lọ, Breaking Home Ties, 1890. Èrò wọ́ tọ̀ ọ́ níbi ìpàtẹ ńlá Chicago lọ́dún 1893. Ìyá di ọmọ mú léjìká, ẹnì kan ti gbé ẹrù, ajá pàápàá ní àyè tirẹ̀. Ìyá àgbà ńkọ́? Ó jókòó sídìí tábìlì lẹ́yìn.

Èmi náà ti gbé àgbà sídìí tábìlì rí. Nígbà tí màámi wá lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wa, mo gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ wọn, mo gba ọ̀bẹ, mo gba ọmọ lẹ́yìn wọn. "Ẹ jókòó, Màámi, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó." Mo rò pé ìtọ́jú ni. Lọ́jọ́ kan mo wọ kíṣìnnì, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti da ẹ̀wà sórí àtẹ tí wọ́n ń ṣà á. Ẹ̀wà tí mo ti ṣà tán lálẹ́ àná ni. Kò sí òkúta níbẹ̀, kò sí èèpo, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń mú, wọn á wò ó, wọn á gbé e sọ́tọ̀. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀.

Ìwọ tó ń fowó ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù, o káre. Bí o bá tún pè wọ́n, má fi mọ sí "ṣé ẹ ti lo oògùn yín?" Bẹ̀ wọ́n níṣẹ́. Kó jẹ́ iṣẹ́ gidi, èyí tí ọwọ́ rẹ kò tó, torí àgbà mọ iṣẹ́ ìtùnú yàtọ̀.

Lóṣù tó kọjá, àmàlà mi kàn ń ní kókó ṣáá, ọjọ́ mẹ́ta léra. Mo pe ilé.

"Màámi, ẹ dákun, ẹ wá bá mi ro àmàlà yìí."

"Lórí fóònù?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo gbọ́ bí wọ́n ṣe fa àga sún mọ́. "Omi ti hó?"

"Ó ti hó, mà."

"Irọ́ ni. Gbé fóònù sún mọ́ ìkòkò, kí n gbọ́ ọ."